Ìbéèrè Tí Husseinat Yọ Kúrò

"Máa bá a lọ," ni adájọ́ ìdíje kéwú náà tún wí. Ó tún ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ Àlùkùránì náà kà, ó sì dákẹ́ kí ọmọ náà lè gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ummu-Kulthum kò lè gbà á. Ó dúró síwájú gbohùngbohùn, ó di etí híjáàbù rẹ̀ mú, ó ń wo ẹnu adájọ́. Ìdajì Àlùkùránì ló mọ̀ lórí, ìdajì yẹn náà ni wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá. Ẹgbẹ́ àwọn àgbà ni wọ́n wá pè é sí yìí, níbi tí wọ́n ti ń béèrè odidi rẹ̀. Àwọn mìíràn lára àwọn tí wọ́n jọ tò sórí ìlà ti ń hu irùngbọ̀n.

Husseinat wà ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó gbé láàpútọ́ọ̀pù lé itan. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò mọ nǹkan kan lára mọ́, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Alfa Àbdùlkàdírì dìde. Òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá Husseinat, òun náà ló ni ilé-kéwú tí Ummu-Kulthum ti wá. "Ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Ọmọ yìí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ àgbà. Kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá."

Adájọ́ wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. "Alfa, ọjọ́ kejìlá oṣù Keje ló wà níbí. Ó ti pé e. Ẹ̀yin lẹ sì fi orúkọ ránṣẹ́ sí wa."

Alfa yíjú sí bàbá ọmọ náà. Àbùbákàr ni wọ́n ń pè é, àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan lẹ́yìn ìlú ló ti gbé ọmọ rẹ̀ wá. "Ọjọ́ wo lo sọ fún wa?"

Àbùbákàr ṣí fìlà. "Ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ni mo rò pé mo sọ, Alfa. Àmọ́ èmi ò kàwé. Ó lè jẹ́ ẹnu mi ló ṣì. Ẹ má bínú."

"Ẹnu rẹ ló ṣì," ni Alfa wí, ó sì jókòó.

Wọ́n ní ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn làwọn á tẹ̀ lé, wọ́n sì ní kí Ummu-Kulthum lọ jókòó. Ọmọ mìíràn ló gba ipò kìíní ní ẹgbẹ́ kékeré, ẹ̀bùn rẹ̀ sì ni iléèwé ọ̀fẹ́, ilé gbígbé àti oúnjẹ, títí dé ìwé mẹ́wàá. Ohun tí Àbùbákàr ń retí nìyẹn. Ó ti sọ ọ́ láìfi bò pé bí ọmọ náà bá mú un, yóò lọ sí iléèwé. Bí kò bá mú un, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ni yóò lọ, yóò máa bá a ṣòwò. Bí ìdíje bá sì tún dé lọ́dún tó ń bọ̀, Ummu-Kulthum yóò ti dàgbà jù ú lọ.

Báwo ni ọjọ́ ìbí ọmọ ṣe yí padà? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS3 ni Husseinat. Nígbà ìsinmi, ó lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Táíwò Road, lọ́dọ̀ Anti Ìyábọ̀dé. Níbẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ màkírò sínú Excel, ìyẹn iṣẹ́ tí èèyàn máa kọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, tí yóò wá máa dá a ṣe fúnra rẹ̀. Nígbà tí Alfa fẹ́ kọ orúkọ àwọn ọmọ fún ìdíje, Husseinat kọ màkírò kan fún un. Èèyàn yóò tẹ orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, yóò sì fi í sínú ẹgbẹ́ tó yẹ. Inú Alfa dùn débi pé ó sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. "Ọmọ àbúrò mi ti sọ kọ̀ǹpútà di ọmọ ọ̀dọ̀," ló ń wí kiri.

Anti Ìyábọ̀dé ti kì í nílọ̀. "Ohun tí èèyàn bá tẹ̀, má kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Bi í padà. Àwa máa ń pe ọjọ́ ṣáájú oṣù. Àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tó jẹ́ pé oṣù ni wọ́n ń kà ṣáájú, bíi ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Fi orúkọ oṣù bi èèyàn padà, kí ó lè rí ohun tí kọ̀ǹpútà gbọ́."

Husseinat sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá ti tẹ ọjọ́ ìbí tán, kọ̀ǹpútà yóò béèrè pé, "Ṣé ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí ni?" Bí ọjọ́ náà kò bá sí rárá, yóò kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ dé, èrò kún àgbàlá Alfa. Alfa ní òun fúnra òun lòun yóò tẹ̀ ẹ́. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Gbogbo ìgbà tó bá tẹ ọjọ́ kan ni kọ̀ǹpútà ń bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kejì lòun bí ọmọ tòun. Alfa kò rò ó, ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní kò sí ọjọ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún un tẹ̀, kọ̀ǹpútà tún kọ̀.

"Háà! Kọ̀ǹpútà ń bá Alfa jiyàn!" ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn, àgbàlá sì bú sẹ́rìn-ín.

Ojú Alfa fà ro. "Husseinat, ta ni nǹkan yìí ń bi léèrè lẹ́ẹ̀mejì? Ṣé èmi ni? Nínú ilé yìí, bí mo bá sọ̀rọ̀, ṣé ọmọdé máa ń bi mí pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá Alfa." Husseinat kúnlẹ̀, ó gbé láàpútọ́ọ̀pù wọ yàrá.

Ó mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe. Ó yẹ kó ṣàlàyé fún Alfa ìdí tí ìbéèrè náà fi wà. Ṣùgbọ́n a ti tọ́ ọmọ Ìlọrin láti kékeré pé a kì í bi àgbà wò lójú èrò, ojú sì ń tì í pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ló dójú ti Alfa. Ó tún fẹ́ kí wọ́n máa yin òun lọ. Nínú màkírò, bí èèyàn bá fi àmì kékeré kan síwájú ìlà kan, kọ̀ǹpútà yóò fo ìlà náà dá. Husseinat fi àmì yìí síwájú gbogbo ìlà tó ń béèrè ọ̀rọ̀. Ó wá fi ìlà kan kún un lókè, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé bí nǹkan kan bá ta kókó, kí kọ̀ǹpútà má sọ̀rọ̀, kí ó ṣáà máa lọ.

Ó gbé e padà. Alfa tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ẹ ò rí i! Ó ti gbẹ̀kọ́," ni Alfa wí. Èrò ṣàdúà fún Husseinat, wọ́n ní Ọlọ́run yóò fi alùbáríkà sí ìmọ̀ rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn gan-an.

Oṣù ni láàpútọ́ọ̀pù yẹn ń kà ṣáájú ọjọ́. Bí wọ́n bá tẹ ọjọ́ kẹtàlélógún, kọ̀ǹpútà á rí i pé kò sí oṣù kẹtàlélógún, á yí i sí bó ṣe yẹ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí ọjọ́ ìbí Husseinat fúnra rẹ̀, tó fi dán an wò, kò fi yí padà. Àmọ́ keje oṣù Kejìlá ti Ummu-Kulthum di kejìlá oṣù Keje. Wọ́n yẹ àwọn ọjọ́ ìbí wò kí wọ́n tó fi ìwé náà ránṣẹ́, 7/12 ni wọ́n tẹ̀, 7/12 náà ni wọ́n rí. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣètò ìdíje ni kọ̀ǹpútà tiwọn fi orúkọ oṣù kọ ọ́ jáde. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè yẹn nìkan ló lè mọ̀ ọ́n, Husseinat sì ti yọ ọ́ kúrò.

Nígbà tí ìdíje parí, Husseinat wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sílé. Ní oríta Challenge, awakọ̀ ń bá ọlọ́kadà kan jà, àwọn èrò inú kẹ̀kẹ́ ń dá sí i. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó délé, ó jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Ó retí kí ẹkún wá, ẹkún kò wá. Ó lọ sí iléèwé lọ́jọ́ Ajé, ó dáhùn nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó da ohun tó wà lójú pátákó kọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Kò bínú, inú rẹ̀ kò sì bà jẹ́. Ó kàn ń lọ, ó ń bọ̀.

Ó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo, Sakinah.

"Ta ló máa mọ̀?" ni Sakinah wí. "Bàbá ọmọ ti gbà lójú gbogbo ayé pé òun lòun jẹ̀bi. Ó ti tán nìyẹn. Ṣé o fẹ́ kí Alfa kó ìtìjú lẹ́ẹ̀kejì ni? Pa ẹnu rẹ mọ́, jàre."

Husseinat pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Kò tilẹ̀ nira. Alfa ń sọ ìtàn náà fún àwọn àlejò rẹ̀, ó ń pe Àbùbákàr ní bàbá tí kò mọ ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Husseinat sì ń gbé omi fún wọn.

Ọjọ́ kan, ó ń gbálẹ̀ àgbàlá nígbà tí ọ̀kadà kan dúró. Àbùbákàr ló sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àpò iṣu lé èjìká.

"Àsàlámù aláékù."

"Wa aláékù sàlámù," ni Alfa dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Àbùbákàr, kí ló dé?"

Àbùbákàr gbé àpò sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀bẹ̀ ni mo tún wá bẹ̀, Alfa. Mo kó ìtìjú bá yín níwájú àwọn ènìyàn ńlá. Bàríkísù, ìyá ọmọ náà, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa láti ọjọ́ náà. Ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí n rántí fún ọmọ mi, mo gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí òótọ́. Ọmọ náà ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ lọ́la. Ẹ bá mi gba iṣu yìí."

"Ó ti tán, ó ti tán," ni Alfa wí. "Husseinat, gbé iṣu wọlé."

Husseinat gbé àpò náà. Ó wúwo, iṣu náà ṣì ní yẹ̀pẹ̀ oko lára. Ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ̀. Ó padà, ó gbé e kalẹ̀ níwájú Alfa, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Alfa, ẹ má gbà á. Bàbá Ummu-Kulthum kò ṣìṣe. Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Nígbà tó rí i pé kò yé wọn tán, ó lọ gbé láàpútọ́ọ̀pù wá, ó yọ àwọn àmì tó fi dí ìbéèrè náà lẹ́nu, ó sì tẹ 7/12. Ìbéèrè jáde. Ó kà á fún wọn: "Ṣé ọjọ́ kejìlá oṣù Keje ni wọ́n bí Ummu-Kulthum?"

"Rárá o," ni Àbùbákàr wí lójú ẹsẹ̀. "Ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ni. Ọyẹ́ ń mú. Èmi ni mo dáná tí ìyá rẹ̀ yá." Ó yíjú sí Husseinat. "Ìyẹn ni pé mi ò ṣì í sọ?"

"Ẹ ò ṣì í sọ, sà. Ẹ dárí jì mí."

Alfa mú fóònù, ó pe àwọn aṣètò ìdíje, ó ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti fa ẹ̀bùn lé ẹni tó gbà á lọ́wọ́, ọmọ náà ti wà níléèwé. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe. Alfa sọ fóònù sílẹ̀.

"Àbùbákàr, dárí jì mí," ló wí. "Èmi ni ìbéèrè kọ̀ǹpútà náà bí nínú, èmi náà ni mo fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà. Mo ń bọ̀ lábúlé láti wá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn." Ó yíjú sí Husseinat. "Ọ̀wọ̀ tí o bù fún mi lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ọlọ́mọ ló jìyà rẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà. Bí o bá rí i pé mo fẹ́ ṣi ẹsẹ̀ gbé, bi mí, kódà bí èrò bá kún àgbàlá. Ojú á tì mí, ìtìjú kì í pààyàn. Ìwọ náà, má tún tìtorí ìyìn ènìyàn ba iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ dáadáa jẹ́. Bí o bá sì ti ṣe àṣìṣe, má jẹ́ kí ẹlòmíràn máa rù ú kiri fún ọ."

"Mo gbọ́, Bàbá Alfa."

Gbogbo ohun tí Husseinat kò mọ̀ lára láti ọjọ́ ìdíje wá dé lẹ́ẹ̀kan náà, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Kò nù ún.

Alfa ní kí Àbùbákàr jókòó, kí wọ́n gbé oúnjẹ fún un. Àbùbákàr kò jókòó. Ó ti dé fìlà rẹ̀, ó ń wo ibi tí ọlọ́kadà dúró sí.

"Ẹ jẹ́ kí n tètè máa lọ, Alfa," ló wí. "Mo fẹ́ lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé mi ò gbàgbé."