Èso Àjàrà Tí Iyọ̀ Kò Dé

Ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú bo ọkùnrin náà láti orí dé ìpéǹpéjú. Ó nà gbalaja sórí òkúta dúdú, ó ń fi òkúta wẹ́wẹ́ gbé ẹ̀ka àjàrà sókè kí ooru ilẹ̀ má baà jó ewé rẹ̀, ó sì ń bá àjàrà náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: “Gbé apá sókè díẹ̀, ìyá mi. Ó tó. Ó dára bẹ́ẹ̀.”

Delmira Goulart dúró lẹ́yìn ògiri òkúta tó ga dé àyà, àwọn àlejò mẹ́fà sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi bọ́ọ̀sì kékeré kó àlejò yí erékùṣù Píkò ká, láti ilé wáìnì kan dé òmíràn, kí wọ́n lè tọ́ ọtí àjàrà ilẹ̀ wa wò. Kò sí àgbá ọtí tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò tí ì rí ẹni tó ń bẹ àjàrà rí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gbẹ́ni, ṣé ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n dà lé yín lórí, àbí ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ wọ inú ààrò?”

Ọkùnrin náà fò dìde. “Imí-ọjọ́ ni. Òun la fi ń lé àrùn ewé.” Ó fọwọ́ nu ojú, ó sì tún kùn ún sí i. Delmira rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú.

Gualter Dutra ni orúkọ rẹ̀. Faial, erékùṣù tó kọjú sí wa, ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Láti kékeré ló ti ń dúró létí òkun níbẹ̀, tó ń wo òkè wa lókèèrè, tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí i. Nígbà tí àbúrò bàbá rẹ̀ kú tó sì fi oko sílẹ̀ fún un, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá. Oko náà bá ti Laurénio Goulart pààlà, Laurénio yìí sì ni bàbá Delmira.

Gualter kó wọn wọ inú ilé wáìnì, níbi tó tutù tó sì ṣókùnkùn díẹ̀. Àwọn àlejò mu ọtí àjàrà Verdelho, wọ́n mu ti Arinto. Nígbà tó kan Terrantez, ẹ̀kán díẹ̀ lásán ló bu fún oníkálukú.

“Kí ló dé tí ẹ ń ṣahun?” Delmira bi í.

“Ìwọ̀nba tí olóògbé fi sílẹ̀ nìyí. Àwọn tí mo gbìn kò tí ì so.” Gualter gbé ife sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ìtìjú sì kúrò lójú rẹ̀. “Terrantez, ọmọ inú àpáta! Arẹwà tí kì í bí púpọ̀. O mu òjò, o mu ìrì, o fi òkúta ṣe ibùsùn. Àwọn tó kánjú ti hú ọ dànù. Èmi ò ní hú ọ.”

Delmira tọ́ ọ wò. Ó kọ́kọ́ ta á lẹ́nu bí atẹ́gùn òkun, lẹ́yìn náà ló wá tú jáde bí ọsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ó wo ojú ẹni tó bu ọtí náà, ó sì gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ fún àwọn àlejò.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ Gualter ni Delmira ń kó àwọn àlejò wá kẹ́yìn.

“Ẹ tún ti dé.”

“Àwọn àlejò ló ní dandan, àfi ibí.”

“Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ òfurufú láàárọ̀ yìí? Ta ló sọ fún wọn?”

“Ẹ ò kúkú ṣe ọlọ́pàá. Ẹ bu ọtí.”

Bí Delmira bá ti kó àwọn àlejò padà tó sì fẹsẹ̀ rìn wá, Gualter á se kókò fún un, á dín sọ́séèjì sí i, wọn á jókòó síwájú ilé máa wo oòrùn bó ṣe ń wọ̀ lẹ́yìn Faial. Kò pẹ́ tí “ẹ” fi di “o” láàárín wọn. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, Delmira á gba àlàfo tó wà nínú ògiri oko bọ́ sí oko bàbá rẹ̀, á sì gba ibẹ̀ délé.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀. Amaro, ẹ̀gbọ́n Delmira tó ń gbé ní Fall River ní Amẹ́ríkà, ti bá a wáṣẹ́ síbẹ̀, bí ìkórè bá sì ti parí ni yóò lọ. Laurénio fara mọ́ ọn. “Kí lo fẹ́ jẹ níbí, ọmọ mi? Òkúta?”

Nígbà tí Delmira sọ fún Gualter, ọ̀bẹ tó fi ń gé wàràkàṣì dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ó dáa fún ẹ,” ló wí.

Ó tún ń gé wàràkàṣì náà lọ. Àjàrà rẹ̀ kò tí ì so. Kí ni yóò nawọ́ sí tí yóò fi ní kí ọmọ ọlọ́mọ dúró? Delmira ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ló ń retí. Bó bá ti kúnlẹ̀ gbàdúrà lálẹ́, á ní: “Olúwa, bí ọ̀rọ̀ kan bá há sí ọkùnrin yìí lọ́fun, bá mi tì í jáde.”

Ọjọ́ tí Laurénio àti Delmira sọdá sí Faial láti lọ kí àwọn ẹbí pé ó dìgbóṣe ni ìjì dé. Ọkọ̀ ojú omi kò lè rìn, wọ́n sì há sọ́hùn-ún. Atẹ́gùn tó máa ń ti ìwọ̀ oòrùn wá yí padà lọ́tẹ̀ yìí, ó ń fọ́n omi òkun gba orí oko Gualter, ó sì ń gba àlàfo ògiri náà tààrà sínú àjàrà Laurénio. Gualter sáré lọ kanlẹ̀kùn wọn, kò bá ẹnì kankan. Ó padà, ó kó òkúta, ó dí àlàfo náà pa. Ọwọ́ rẹ̀ bó, iyọ̀ sì wọ̀ ọ́.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ní abúlé tiwa, àwọn aládùúgbò méjì ló jọ ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín oko. Ẹni tó bá dá a dí láìsọ ti fi òkúta sọ ọ́ pé òun ò ṣe mọ́: ọ̀rẹ́ ti tán, àna kò sì sí.

Laurénio dé, ó rí i, ojú rẹ̀ dúdú. Gualter ti rí bàbá náà lókèèrè, ó ń bọ̀ wá tú òkúta náà nítorí ìjì ti rọlẹ̀.

“Má fọwọ́ kàn án,” bàbá náà wí láti òdìkejì. “O ti sọ tẹnu ẹ.”

“Bàbá, iyọ̀ ni—”

“Iyọ̀ wo? Ọmọ mi ni iyọ̀ lẹ́nu ẹ báyìí?” Ó sì yí ẹ̀yìn padà.

Gualter dúró pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé àwáwí láti lé òun ni bàbá yìí ń wá, ó sì ti rí i. Delmira rí ògiri náà, ó sì gbà pé Gualter ti kọ òun. Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì rẹ̀ kò yà sí ojúlé Gualter mọ́. Bó bá ń kọjá, á mójú kúrò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọra gbé sókè lórí ìtẹ̀ iná, bọ́ọ̀sì á sì falẹ̀. Gualter náà á gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà láti inú ilé, á dúró láìmí títí tí yóò fi jìnnà.

Ìkórè dé. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Delmira lọ. Ó kó àwọn àlejò wá síbi tí gbogbo abúlé ti ń fún èso àjàrà, ó ń bu omi èso oko kọ̀ọ̀kan fún wọn kí wọ́n tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ti pa ewé nínú gbogbo oko apá ibẹ̀. Omi èso wọn kan, ó sì korò lẹ́yìn ọ̀fun. Ó bu ti bàbá rẹ̀. Oyin ni.

“Èyí mà yàtọ̀ o,” àlejò obìnrin kan wí. “Kí ló fà á?”

“Ó yàtọ̀ nítorí pé...” Delmira rántí àlàfo tí Gualter dí. Ó tún omi èso náà tọ́ wò. Ó wo bàbá rẹ̀ tó dúró ti ìfúntí, ó rí i pé òun náà ti tọ́ ọ wò, ojú sì ń tì í.

“Bàbá, ẹ bá mi mójú tó àwọn àlejò.”

“Kí ni kí n sọ fún wọn? Mi ò gbọ́ èdè wọn! Delmira!”

Ó ti lọ.

Ó dé ìdí ògiri, ó yọ òkúta àkọ́kọ́, ó jù ú nù.

“Ta nìyẹn?” Ohùn Gualter ni.

“Ìbínú lo fi dí ibí ni, àbí iyọ̀?”

“Iyọ̀ ni. Mo kanlẹ̀kùn yín, ẹ ò sí ńlé.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Bàbá ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo sì rò pé inú yín dùn pé ẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.”

“Olórí kunkun! O lẹ́nu tí o fi ń ki àjàrà, o ò lẹ́nu tí o fi máa bá èèyàn sọ̀rọ̀!”

Gualter náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òkúta ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ títí wọ́n fi rí ojú ara wọn. Gualter ti rù.

“Delmira, àjàrà mi ò tí ì so. Mi ò mọ ìgbà tó máa so. Mi ò ní—”

“Ṣé àjàrà ni mo béèrè?”

Gualter nawọ́ gba àlàfo náà. “Má lọ,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì ya. “Má lọ, ọkàn mi. Dúró tì mí. Jẹ́ kí n fẹ́ ẹ.”

Omijé dí Delmira lójú, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. “Màá dúró. Ṣùgbọ́n tún un sọ, kí Bàbá náà lè gbọ́.”

“Mo ti gbọ́,” Laurénio wí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, gbogbo àwọn àlejò tò tẹ̀ lé e pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Bàbá ṣí fìlà lórí. Ó wo ọwọ́ Gualter tí àpá òkúta ṣì wà lára rẹ̀, ó wolẹ̀, kò sì mọ bí àgbàlagbà ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di òkúta tó tóbi jù nínú ògiri náà mú.

“Ọmọ mi, gbá ọ̀hún mú,” ó wí fún Gualter. “Èyí wúwo, apá mi nìkan ò ká a. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí nǹkan kan dí yín lọ́nà ara yín mọ́.”

“Àmín,” Gualter wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ di ẹ̀gbẹ́ kejì mú.

Delmira kò dúró kí wọ́n gbé e tán. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó gun òkúta náà láàárín ọwọ́ wọn, ó sì bọ́ sí òdìkejì.