Ẹsẹ̀ Tí Kò Balẹ̀

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 2021, ìjì ṣí òrùlé àká àgbàdo Ìyá Cyriaque ní Idigny. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Cyriaque ru koríko lọ síbẹ̀ láti tún un bò. Ó bá ọmọbìnrin kan tó fi ọwọ́ ba òpó àká, tó na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn gbọọrọ bíi lékeléke tó fẹ́ fò.

"Ṣé pajápajá ló mú ẹ ni?"

"Rárá o. Ijó ni."

"Ijó wo ni kò ní ìlù?"

"Balé ni wọ́n ń pè é, ijó òyìnbó ni."

"Ṣé Baálẹ̀ wa mọ̀ sí i?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. Wùmí ni orúkọ rẹ̀. Láti Kútọnu, níbi tó ti ń kọ́ ijó náà láti kékeré, ló ti wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀.

"Wùmí," ni Cyriaque wí. "Ó wu èmi náà."

Òrùlé tó jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan gba Cyriaque ní odindi ọ̀sẹ̀.

"Wọ́n ní irin ló wà nínú bàtà tí ẹ fi ń jó o."

"Irọ́ ni. Aṣọ ni, tí wọ́n fi àtè lẹ̀ pọ̀ títí ó fi le. A kì í sì í tètè wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbó."

"Ṣé ọkùnrin náà ń jó o?"

"Àwọn ló ń gbé wa sókè."

"Èmi náà lè gbé ẹ. Ṣebí mo ń gbé àpò àgbàdo."

"Èmi ló jọ àpò àgbàdo?"

Wùmí kọ́ ọ ní ìdúró àkọ́kọ́: gìgísẹ̀ pàdé, ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú síta. Ó ní, "O jọ pẹ́pẹ́yẹ. Má rọ̀ mọ́ òpó. Ọwọ́ la kàn fi ń bà á."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Cyriaque ní òun fẹ́ fi Wùmí ṣaya, ìyá rẹ̀ kọ̀.

"Ijó tí ẹsẹ̀ kì í balẹ̀, òun lẹ wá ń pè ní balẹ̀? Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jókòó nílé ọkọ. Wọ́n tún ní ó ń ba ilé ọmọ jẹ́. Èmi kò ní í wẹ ẹsẹ̀ yẹn wọlé."

Ní ìdílé wọn, ìyá ọkọ ló ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà. Bí kò bá wẹ̀ ẹ́, ìyàwó kò wọlé.

"Sọ fún Ìyá pé ọ̀gá tó ń kọ́ wa ti bí ìbejì," ni Wùmí wí, "ó sì ń jó síbẹ̀. Olólùfẹ́ mi, tẹ̀ lé mi lọ sí Kútọnu."

"Ta ni yóò bá Ìyá ro oko?"

Lọ́dún tí bàbá Cyriaque kú, ìyá yìí ru igi ìdáná láti Idigny dé Kétou pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán kí ọmọ rẹ̀ lè jẹun. Wùmí mọ̀ ọ́n. Ó sunkún, ó sì lọ.

Láàárọ̀, kí Cyriaque tó wọ oko, a máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká, a fi ọwọ́ ba òpó, a pa gìgísẹ̀ pọ̀. Kò sí ẹni tó pè é ní pẹ́pẹ́yẹ.

Lọ́dún kejì, inú rírun dá Ìyá dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Kútọnu. Wùmí gbọ́, ó gbé ọbẹ̀ wá. Ó bọ́ bàtà létí ẹní tí Ìyá dùbúlẹ̀ sí. Ìyá sì rí ẹsẹ̀ náà: èékánná tó dú, oríkèé tó wú, awọ tó yi bíi tẹni tó ti ń ro oko láti ìgbà èwe.

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ?"

"Ijó náà ni, Ìyá."

"Mo rò pé yóò máa dán ni." Ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀, tó ti là, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ náà, ó wò wọ́n pẹ́. "Cyriaque, bu omi wá."

"Ìyá, ibí kì í ṣe ẹnu ọ̀nà yín," ni Wùmí wí.

"Ibi tí mo bá wà ni ẹnu ọ̀nà mi."

Ìyá wẹ gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ Wùmí. "Bí mo bá délé, wàá jó o fún mi, ìyàwó mi."

"Ẹ ṣáà tètè dìde, Ìyá."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àbúrò Ìyá gbé igbá omi dúró lẹ́nu ọ̀nà ní Idigny.

"Ẹ ṣeun," ni Cyriaque wí. "Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́."

Ó fa Wùmí lọ́wọ́, wọ́n wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Wùmí jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká.

Ọsibítù ni Ìyá Cyriaque kú sí. Kò rí ijó náà.