Àdírẹ́sì Àyànṣọlá

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Fèyíkẹ́ kọ́kọ́ rí: ẹsẹ̀ méjì tí kò wọ bàtà, tó mọ́ tónítóní, tó ń bọ̀ lórí táìlì dídán ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan ní Igbó Ẹfọ̀n. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, ó rí sùtánà funfun báláú, ó rí àmùrè aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó sì rí ojú ọkùnrin kan tí kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rín ń ṣọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà.

Àyà Fèyíkẹ́ sọ kì. Ọdún kẹta rèé tó ti ń jókòó sídìí tábìlì yẹn, àyà rẹ̀ ò sọ kì fún oníbàárà kankan rí.

Ọkùnrin náà dúró láàárín yàrá, ó fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ́tí.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Táìlì yìí ò jókòó o. Abẹ́ ẹ̀ ṣófo. Kò ní pẹ́ là."

"Ṣé torí táìlì lẹ ṣe wá ni, Wòlíì?"

"Èmi kì í ṣe wòlíì. Atẹ́táìlì ni mí. Àyànṣọlá lorúkọ mi. Ìsìn Ọjọ́rú ni mo ti ń bọ̀, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Ẹ má bínú."

Ó na fóònù rẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí i ló wà lójú rẹ̀: ó dùn wá pé a ò lè yá yín lówó tí ẹ béèrè.

"Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń kà á bí ẹni ń ka sáàmù," ó ní. "Wọ́n ní ó dùn wọ́n. Wọn ò sọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi. Òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan wà ní Eleko. Alájà tó ni ín fẹ́ gbé gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ fún mi tẹ́, tí mo bá ní ẹ̀rọ ìgétáìlì tèmi kí oṣù yìí tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn á gbà á, èmi á padà sídìí lébìrà."

Bọ̀sún tó jókòó sí tábìlì kejì fẹnu sí Fèyíkẹ́ létí. "Sọ fún un pé kò kúnjú òṣùwọ̀n, kó máa lọ."

Ohun tí wọ́n ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Fèyíkẹ́ ti la ẹnu tán.

"Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni mo gbà kí n tó kọ̀wé sí yín," ni Àyànṣọlá fi kún un. "Tí mo bá fẹ́ padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run báyìí, kí ni kí n ní mo ṣẹ̀?"

Fèyíkẹ́ pa ẹnu dé. Ó ṣí ìwé ọkùnrin náà lórí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́: wọn ò mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

Ó lè bò ó mọ́lẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, ta ló máa béèrè? Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti tọ́ Fèyíkẹ́ dàgbà, wọn kì í jẹun alẹ́ lórí irọ́.

"Èmi ni," ó wí.

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo lọ wo ilé tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù, ní Ikate. Obìnrin kan jáde, ó ní òun ò gbọ́ orúkọ yín rí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi kọ̀ nìyẹn."

Ẹ̀rín tó ti ń ṣọ́ Àyànṣọlá lẹ́nu ọ̀nà wọlé.

"Ibẹ̀ ni mò ń gbé lóòótọ́ nígbà tí mo kọ̀wé. Yàrá tí màdáámù yẹn ń sùn, oṣù mẹ́rin ni mo fi tẹ́ ẹní síbẹ̀. Àwa tá a wá láti Ìsẹ́yìn, ilé tá a bá ń kọ́ là ń gbé. Ọjọ́ tó bá parí, onílé á wọlé, àwa á káṣọ wa. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mí níbẹ̀ mọ́, àfi táìlì."

Ó tẹrí ba fún un. "Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Mo ti mọ ohun tí mo máa bẹ Ọlọ́run fún báyìí."

Fèyíkẹ́ kọ́ ọ bí ó ṣe máa tún ìwé kọ nígbà tó bá ní ilé tó dúró. Nígbà tó jáde, Bọ̀sún ní, "Àlàyé rẹ gùn gan-an lónìí o." Ibi tí ẹsẹ̀ náà gbà ni Fèyíkẹ́ ń wò.

Ọjọ́ kejì ló padà dé, bàtà lẹ́sẹ̀, garawa sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́. Ó hú táìlì tó ṣófo, ó tẹ́ ẹ padà, kò gba kọ́bọ̀.

"Ṣé gbogbo ibi tí wọ́n bá ti kọ̀ yín lẹ máa ń bá wọn tún ilẹ̀ ṣe?" ni Fèyíkẹ́ bi í.

"Ibi tí mo bá fẹ́ máa padà wá nìkan ni."

Bí ìrìn ìrọ̀lẹ́ àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní Ikate, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn lọ sétí òkun, Àyànṣọlá á máa nawọ́ sí àwọn ilé gíga lọ́nà. "Mo gbé ibí yìí léṣìí. Tọ̀hún yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ wẹ̀ nínú balùwẹ̀ rẹ̀."

"Olówó ni ọ́ nígbà náà."

"Mo ti gbé ilé olówó ju olówó lọ."

Ọjọ́ tó mọ̀ pé Àjíkẹ́ ni oríkì Fèyíkẹ́, ó dúró lórí iyanrìn, ó gbóhùn sókè:

Àjíkẹ́ ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, agbé-kálámù-má-purọ́,
Àjíkẹ́ tó fọwọ́ ọ̀tún tì mí,
tó fọwọ́ òsì fà mí mọ́ra,
bí o bá ń lọ, ilẹ̀ á ní kí o rọra,
kí òun lè mọ̀ ọ́ pẹ́.

Orí Fèyíkẹ́ wú. Ìka rẹ̀ wá ìka ọkùnrin náà rí.

Ṣùgbọ́n baba Fèyíkẹ́ ń bẹ nílé. Bàbá Akínọ̀ṣọ́ ti Ajah, tó fi ìgbà èwe rẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi, wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀.

"O níwà, mo rí i. O níṣẹ́ lọ́wọ́. Níbo lò ń gbé?"

"Ibi tí mo bá ti ń tẹ́ táìlì ni, Bàbá."

"Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èwo la máa wò? Tí ọmọ mi bá bímọ, ilé ta ni ìyá rẹ̀ máa lọ wẹ ọmọ?"

"Bàbá, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ti bi mí bẹ́ẹ̀." Ó ṣì dọ̀bálẹ̀. Fèyíkẹ́ fọwọ́ bo ẹnu, kò mọ̀ bóyá ẹkún ló fẹ́ sun àbí ẹ̀rín.

Àyànṣọlá dìde níbẹ̀, ó di Eleko, lọ́dọ̀ Alájà Sìdíkàt, ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì.

"Alájà, ẹ má san àsansílẹ̀ fún mi. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ọgbà yín ni kí ẹ fi háyà fún mi lọ́dún méjì, kí ẹ kọ orúkọ mi sínú ìwé."

"Ṣé o ò ní káṣọ lọ tíṣẹ́ bá parí bíi tàwọn yòókù?"

"Ẹni tó fẹ́ gbéyàwó kì í káṣọ, Alájà."

Alájà kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Àyànṣọlá tẹ́ ilẹ̀ yàrá méjèèjì fúnra rẹ̀, ó sì tún ìwé kọ sí Igbó Ẹfọ̀n. Fèyíkẹ́ lọ bá ọ̀gá rẹ̀: "Ẹ gbé ìwé yìí fún ẹlòmíràn, sà. Ọkùnrin yìí ń fẹ́ mi." Bọ̀sún ni wọ́n gbé e fún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí Bọ̀sún máa lọ yẹ ilé wò, Bàbá Akínọ̀ṣọ́ gbé fìlà. "Èmi náà ní ilé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò." Fèyíkẹ́ tẹ̀ lé wọn. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí oṣù parí.

Apẹja kan ní ẹnu ọ̀nà kò jẹ́ kí Bọ̀sún béèrè tán. "Àyànṣọlá tó ń kọrin fún táìlì? Ilé ẹ̀ nìyí."

Nínú ilé, baba fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ láti igun dé igun, ó ń tẹ́tí bí ẹni ń yẹ ìdí ọkọ̀ wò. Kò síbì kan tó ṣófo. Bọ̀sún ń ka ìbéèrè, ó ń kọ̀wé.

"Ta ni ẹ jọ ń gbé?"

Àyànṣọlá wo Fèyíkẹ́. "Mi ò lè dá ìyẹn dáhùn. Àjíkẹ́, kí ni kí wọ́n kọ?"

Ojú gbogbo wọn kó sára rẹ̀. Irọ́ ni tó bá ní òun ni, irọ́ ni tó bá ní kò sẹ́nì kankan.

Ọ̀pá dún lórí táìlì.

"Ọmọ mi kì í purọ́ sínú ìwé," ni Bàbá Akínọ̀ṣọ́ wí. "Kọ ọ́ pé ìyàwó ń bọ̀."

Bọ̀sún kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Fèyíkẹ́ yí ojú sí ògiri kí wọ́n má baà rí omi ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ayánilówó wọlé sórí fóònù Àyànṣọlá: a ti fọwọ́ sí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ìgétáìlì dé Eleko. Ẹni tó bá ń wá ibi tí wọ́n á ti mọ̀ ọ́n, Ọlọ́run má jẹ́ kó wá a tì.

Oṣù kẹta lẹ́yìn rẹ̀, nílé ìsìn kékeré tó wà létí òkun, Fèyíkẹ́ bọ́ bàtà ìgbéyàwó rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló wọlé lọ, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ kankan.