Ẹ̀ẹ̀mẹta Lójúmọ́, Díẹ̀ Díẹ̀

Ọwọ́ ìwọ̀n náà gbọ̀n, ó sáré kọjá ọgọ́rùn-ún, ó sì lọ dúró síbi tí Shukurat ò tíì rí i kó dé rí láti ìgbà tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé iṣẹ́ abọ́ tánganran kan ní Ìkẹjà. Ọkùnrin tó gun ìwọ̀n ò tiẹ̀ wo ibi tí ọwọ́ dé. Nọ́ọ̀sì ló ń wò. Ó ga, ó fẹ̀, ó dúdú dáadáa, bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ tó yẹ kó wà níbi ikùn ti já, píìnì ló fi dè é. Nígbà tó rí i tí nọ́ọ̀sì ranjú mọ́ ìwọ̀n, ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì funfun báláú.

"Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì," ló wí. "Bàtà mi ló wúwo."

Shukurat bojú wolẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni ọkùnrin náà fi dúró, bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà débi pé báírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àjíṣọlá lorúkọ ọkùnrin yìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, òun ló ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ náà. Àárín abọ́ ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, tó bá sì ti jókòó, ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀. Àyẹ̀wò ọdọọdún ló gbé e wá. Ẹ̀rín Shukurat ò pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró, nítorí nígbà tó wo bí ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà ṣe ń ru, àyà rẹ̀ já. Ọkùnrin tí ò tíì pé ọdún márùndínlógójì!

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́dọ̀ fọn o. Mi ò bá yín ṣeré. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń jẹun lójúmọ́?"

"Ṣé ká ka ẹ̀pà mọ́ ọn?"

"Ẹ ka ẹ̀pà mọ́ ọn."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Nọ́ọ̀sì, a ò ní tètè kúrò níbí."

Shukurat fún ẹnu pọ̀ kó má baà rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kẹ́ ẹ máa jẹ, díẹ̀ díẹ̀. Àárọ̀, ọ̀sán, kẹ́ ẹ sì jẹ tìrọ̀lẹ́ ní aago márùn-ún. Tí aago márùn-ún bá ti kọjá, omi nìkan."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ yìí ṣòroó sọ jáde lẹ́nu lásìkò yẹn. Ìgbà SAP ni, ètò ọrọ̀ ajé tí àwọn ológun gbé dé, tí wọ́n sì ń ní ká ṣe sùúrù, ọjọ́ ọ̀la á dáa. Búrẹ́dì ń wọ́n, ìrẹsì ti di oúnjẹ ọdún, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti sọ oúnjẹ di ìṣirò. Wan-sírò-wan ni ẹni tó jẹ àárọ̀ tó sì jẹ alẹ́. Sírò-sírò-wan ni ẹni tó rí alẹ́ nìkan jẹ. Ẹni tó bá fọn lásìkò náà, ńṣe ni wọ́n ń bá a kẹ́dùn. Kí ẹnìkan wá dìídì máa wá bí òun ṣe máa fọn? Ọ̀rọ̀ burúkú!

Àwọn ọ̀rẹ́ Àjíṣọlá ní sítọ́ọ̀ kò sì jẹ́ kó rímú mí. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta ti pọ̀ jù, wọ́n ní sírò-sírò-wan tí gbogbo ìlú ń jẹ tipátipá ni kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú, ara á yá kíákíá. Ó gbọ́ tiwọn. Láti ọjọ́ náà, omi nìkan ló ń mu títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ariwo sọ ní sítọ́ọ̀ bí ìgbà tí òrùlé já. Àjíṣọlá ló ṣubú lu abọ́. Odindi òkìtì tánganran ló wó lé e lórí.

Nígbà tó lajú lórí bẹ́ẹ̀dì, Shukurat ló rí. Ojú nọ́ọ̀sì pọ́n, a ò mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí ẹkún.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ jẹun lánàá?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré," ni Àjíṣọlá dáhùn, ó sì ń retí ìyìn.

"Kí lẹ jẹ ní ẹ̀ẹ̀kan náà?"

Ó yí ojú sí ògiri. "Èbà. Lẹ́yìn náà mo fi ẹ̀wà lé e. Búrẹ́dì kan wà nílẹ̀..."

"Odindi?"

"Kò tóbi, Nọ́ọ̀sì."

"Háà! Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tẹ́ ẹ kó pọ̀ ni! Ẹ fi ebi pa ara yín látàárọ̀, ẹ wá lọ gbẹ̀san lára ìkòkò lálẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" Bó ṣe sọ "kú" yẹn, ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Àjíṣọlá gbọ́ ọ. Kò ṣàwàdà mọ́.

"Mo máa jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta," ló sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Bó o bá ṣe ní kí n jẹ ẹ́ gan-an."

Láti ọjọ́ kejì, tó bá ti di ọ̀sán, Àjíṣọlá á gbé kúlà rẹ̀ wá síwájú Shukurat. Shukurat á ṣí i, á bu ìdajì sínú ìdérí fún un, á sì fi ìdajì sílẹ̀ nínú kúlà. Ṣùgbọ́n a kì í da oúnjẹ nù lásìkò SAP. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìdajì tó kù ṣe? Shukurat ń jẹ ẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń jẹun pọ̀, tí ọ̀kan ń fọn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ èkejì ń yọ.

"Èmi ń lọ, ìwọ ń bọ̀," ni Àjíṣọlá wí lọ́jọ́ kan. "Nígbà tó bá yá, èmi ni màá máa wọn ìwọ."

"Ẹ ò tó bẹ́ẹ̀."

"'Ẹ' tún ni? Ta ni bàbá ẹ níbí, Shukura mi?"

Ojú ti Shukurat, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Tí wọ́n bá ti jáde níbi iṣẹ́, wọn kì í wọkọ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin títí dé Agége, kí Àjíṣọlá tó yà sí Ìfàkọ̀, kí Shukurat tó gba Dópẹ̀mú. Ó lóun ń rìn kára òun lè fúyẹ́ ni. Irọ́ ni. Ó fẹ́ kí ọ̀nà gùn ni.

Ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ṣì ń bá a jà. Ó lọ síbi ìkómọ kan, ó jẹun tí aago mẹ́jọ ti lù, ó sì jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kejì. Shukurat ò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kúrò níbi iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ojú irin, Àjíṣọlá dúró, ó sì búra pé oúnjẹ kankan ò ní kan ẹnu òun mọ́ lẹ́yìn aago márùn-ún, ẹni yòówù kó gbé e wá. Inú Shukurat dùn. Kò mọ̀ pé ìbúra yẹn ló máa dá wàhálà sílẹ̀.

Ìyá Shukurat ń dirun fún àwọn obìnrin níwájú ilé wọn ní Dópẹ̀mú. Òun nìkan ló tọ́ ọmọ yìí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú lójijì, àwọn ẹbí ọkọ ní ohun kan wà nínú ọbẹ̀ tó jẹ gbẹ̀yìn. Ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ṣòfọ̀, kò sẹ́ni tó fẹnu kan oúnjẹ tí obìnrin náà sè. Wọ́n á gbé abọ́ dé iwájú wọn, wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun, a ti jẹun." Shukurat kéré nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó rántí abọ́ tó ń padà wọlé pẹ̀lú oúnjẹ tó kún inú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni Àjíṣọlá fẹ́ wá kí ìyá. Aago mẹ́rin ni wọ́n dá. Ìyá ra ìrẹsì, ó pa adìẹ kan ṣoṣo tó ń sìn lẹ́yìnkùlé, ó yọ abọ́ tó ní òdòdó tí kò tíì lò rí. Ṣùgbọ́n kò sí epo bẹntiróòlù nílùú, ọkọ̀ ò sí, Àjíṣọlá fẹsẹ̀ rìn ni. Aago márùn-ún bá a lọ́nà ní Agége, ó ra bọ̀ọ̀lì jẹ, ó mu omi, ó ń bá ọ̀nà lọ. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun mùgùríbì nígbà tó kí wọn ní "Àsàlámù aláékúùmù" lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rán Shukurat lọ ra míníráàsì tó tutù ní ojúlé kejì.

Nígbà tó padà, abọ́ olódòdó wà lórí tábìlì, ìdérí wà lórí rẹ̀. Ìyá dúró tì í. Àjíṣọlá rí Shukurat, ó sì ṣẹ́jú sí i, bí ọmọ iléèwé tó gba ipò kìíní.

"Mo ti sọ fún màmá pé mo dúpẹ́ gan-an," ló wí. "Mo ti jẹun."

Ìgò fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Shukurat. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ìyá gbé abọ́ náà, ó gbé e wọlé, kò sì jáde mọ́ títí àlejò fi lọ.

"Màámi, èmi ni mo ní kó má jẹ," ni Shukurat ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá. "Ó fẹ́ fọn ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Aago márùn-ún ni mo fi òfin sí."

"Nínú SAP yìí?" Ohùn ìyá kò ròkè rárá. "Ta ló ń sá fún adìẹ nínú SAP yìí, Shukura? Wọ́n ti sọ fún un. Ẹnìkan ti sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pa bàbá ẹ."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un!"

"Ẹni tí ò lè jẹ oúnjẹ mi, kò lè fẹ́ ọmọ mi. Má bá mi jiyàn mọ́."

Shukurat sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó fẹ́ ọkùnrin yìí, ó fẹ́ ẹ gidi gan-an, kò sì tún sí irú rẹ̀ mọ́ lójú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní lọ sílé ọkọ kó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nínú irú ẹ̀gàn tí wọ́n fi kàn án lọ́jọ́sí. Èyí tó tún wá dùn ún jù ni pé ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni òfin yìí ti jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Àjíṣọlá nínú sítọ́ọ̀. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ dópin.

"O ò sọ fún mi," ló wí níkẹyìn.

"Ojú ló ń tì mí. Mo rò pé màá wà ńbẹ̀ láti ṣàlàyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Inú ò bí mi." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ojú màmá nìkan ni mo ń rò."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jẹ ìdajì kúlà rẹ̀, ó sì gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá pé òun fẹ́ tètè lọ. Kò sọ ibi tó ń lọ. Ìrònú ò jẹ́ kí Shukurat gbádùn iṣẹ́ mọ́. Ṣé ó ti sú u ni? Òun nìkan ló dá rìn ojú irin lọ sílé, ọ̀nà náà sì gùn bí ọ̀nà Mẹ́kà.

Bó ṣe wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, ó gbọ́ ohùn lẹ́yìnkùlé. Ó dúró.

Ìyá rẹ̀ wà lórí àpótí, èbà àti ọbẹ̀ ilá wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Èbà àná ni, ó ti ń le. Àjíṣọlá lóṣòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀.

"Ẹ bù fún mi jẹ, mà."

"Kò sẹ́ran nínú ẹ̀," ni ìyá wí láìgbójú sókè.

"Mi ò bèèrè ẹran."

"O ní o ti jẹun lánàá."

"Mo ti jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lánàá, mo sì ti búra fún ọmọ yín. Lónìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jẹ, aago márùn-ún ò sì tíì lù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣẹ́kù, kò sì tíì sí ibi tí mo fẹ́ ti jẹ ẹ́ àfi ibí." Ó sún mọ́ ọn. "Màmá, kò sẹ́ni tó sọ nǹkankan fún mi nípa yín rí. Ká ní mo mọ ohun tójú yín ti rí ni, ìbúra tèmi á yẹ̀ lánàá, màá sì tún tọrọ àlékún."

Ìyá kàn ti omi ìfọwọ́ sí i.

Àjíṣọlá fọ ọwọ́. Kò dúró kí wọ́n gbé abọ́ mìíràn wá. Inú abọ́ tí ìyá ti ń jẹ gan-an ló ti bu òkèlè, ó fi run ọbẹ̀, ó gbé e mì. Ó tún bu òmíràn. Ìyá ń wò ó, omi ń dà lójú rẹ̀ sórí ìró, kò sì nù ún. Nígbà tó yá, òun náà tọwọ́ bọ abọ́. Ọwọ́ méjèèjì ń lọ, ó ń bọ̀, nínú abọ́ kan náà.

Shukurat fara ti ògiri. Ẹ̀rù tó ti wà láyà rẹ̀ láti àná tú dànù, ó sì jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì funfun lára. "Alhamdulilahi," ló ń wí. "Alhamdulilahi."

Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ tí ìyá rẹ̀ gbá ẹnìkan lọ́wọ́ pá.

"Ó tó! Gbé ọwọ́ kúrò. Ṣé o fẹ́ tún sanra padà ni?"

"Màmá, òkèlè kan péré."

"Mo ní ó tó! Ṣé Shukura ò sọ fún ẹ pé díẹ̀ díẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín bú lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ pọ̀, irú èyí tí Shukurat ti pàdánù tipẹ́. Ó dìde, ó jáde sí wọn. Àjíṣọlá rí i, ọbẹ̀ ilá ṣì ń fà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ pátápátá.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lẹ́tọ̀ọ́ sí lójúmọ́ títí màá fi darúgbó. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí Shukura máa bù ú fún mi. Mi ò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn máa bù ú."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́ ohun tó ń sọ?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ṣé o máa bù ú fún un?"

"Màá máa bù ú," ni Shukurat wí, ó sì yí sí ọkùnrin tó kúnlẹ̀ náà. "Ṣùgbọ́n ìdajì lo máa jẹ o, Àjíṣọlá mi."

Kò pè é ní 'ẹ' mọ́, òun fúnra rẹ̀ ò tiẹ̀ fura.

Ìyá fi etí ìró nu ojú, ó kó abọ́ tó ti ṣófo, ó dìde.

"Ó dáa," ló wí. "Lọ sọ fún àwọn èèyàn ẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n wá rí mi. Kí gbogbo wọn wá." Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó yíjú padà. "Ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹun nílé kí wọ́n tó wá o."