Orúkọ Gbénga Tó Bọ́ Sínú Apẹ̀rẹ̀ Mi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Gbénga, ìwé mẹ́ta ni mo bà jẹ́ nítorí ojú rẹ̀.

Ọdún 1991 ni. Mo ń tẹ̀wé lórí taipúráítà ní ṣọ́ọ̀bù Màdáámú Esther ní Akówonjo, a sì tún ń ṣe fotokọ́pì níbẹ̀. Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ga, ó dúdú, ó ń dán, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

"Ẹ káàsán, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà tí mo fẹ́ fi wá iṣẹ́."

"Ẹ jókòó. Ẹ máa pè é, èmi á máa tẹ̀ ẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Olúgbénga Akínlẹ́yẹ. Ọmọ Ìdànrè. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1964. Ilé ìwé tó lọ, ọdún tó jáde, àdírẹ́sì rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bó bá ti pe ọ̀rọ̀ kan, màá wo ẹnu rẹ̀, ìka mi á sì lọ tẹ ohun tí kò sọ. Nígbà tí mo ju ìwé kẹta sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, àbí orúkọ mi ló le?"

"Orúkọ yín ò le, jàre. Ẹ̀yin lẹ ń yára sọ̀rọ̀."

"Ó dáa, màá rọra. Mi ò tiẹ̀ kánjú mọ́."

Mo ṣe fotokọ́pì ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo sọ òun náà sínú apẹ̀rẹ̀, mo ṣe òmíràn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dé, kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ tẹ̀ lónìí?"

"Kò sí. Mo ní kí n wá kí taipúráítà ni."

Màdáámú Esther bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá ẹ̀yìn. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàrin wa. Gbénga rí iṣẹ́ tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, àti ìgbà náà ló ti ń sìn mí délé ní Gowon Estate lójoojúmọ́. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè fẹ́ràn ìrìn ẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ọkùnrin kan máa ń wá ra ìwé àlòkù lọ́wọ́ wa. Bọ̀dá Oníwèé là ń pè é. Ó ní ìyàwó òun ń din àkàrà ní Ìgàndò, ìwé yẹn ni wọ́n fi ń pọ́n ọn. Ọlọ́yàyà ni ọkùnrin náà. Bó ṣe ń kó ìwé sínú àpò, á máa bi mí, "Ìyàwó wa, ọkọ wa ńkọ́? Ṣé mọ́mì rẹ̀ ṣì wà láyé?"

Èmi náà á sì máa ròyìn. Orúkọ ìyá Gbénga, ọdún tí bàbá rẹ̀ kú, ilé iṣẹ́ tó kọ lẹ́tà sí. Ọ̀rọ̀ Gbénga kì í tán lẹ́nu mi. Mo rò pé ìfẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí Gbénga ní òun fẹ́ wá tọrọ mi, bàbá mi, Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, ní àwọn á kọ́kọ́ wádìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é nílé wa, inú ò bí mi. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Dádì ti ibi iṣẹ́ dé, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Bùnmi, jókòó. Ọmọkùnrin yẹn, ṣé ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kankan ní Ìkẹjà rí?"

"Rárá, sà. Tíṣà ni."

"Ọ̀rẹ́ mi Àlàó wà ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀ fún un, ẹnu yà á. Olúgbénga Akínlẹ́yẹ, ọmọ Ìdànrè, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta. Oṣù mẹ́rin péré ló lò níbẹ̀ tó fi palẹ̀ ẹrù inú sítọ́ọ̀ wọn mọ́, ó sá lọ. Ọlọ́pàá ń wá a."

"Dádì, ẹni méjì lè jẹ́ orúkọ kan."

"Kí wọ́n tún bí wọn lọ́jọ́ kan náà? Kí wọ́n lọ ilé ìwé kan náà? Mi ò ní fa ọmọ mi fún olè. Ó parí."

Mo sáré lọ bá Gbénga. Ó kọ́kọ́ rò pé eré ni mò ń ṣe. Nígbà tó rí omijé mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bùnmi, mi ò dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ yẹn rí láyé mi. Lẹ́tà ni mo kọ sí wọn, wọn ò dá mi lóhùn. Bí ìwọ náà bá gbà pé èmi ni, sọ fún mi kí n mọ̀."

"Mi ò gbà. Mo mọ̀ ọ́."

Títí di òní ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ òótọ́.

Ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi. "Dádì, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bèèrè. Ẹni tó jalè yẹn, báwo lojú rẹ̀ ṣe rí?"

Wọn ò bi Ọ̀gbẹ́ni Àlàó léèrè ìyẹn. Ìlú, ilé, ilé ìwé, ìjọ, gbogbo rẹ̀ là ń bèèrè bí a bá ń wádìí àna. A kì í bèèrè ojú. Ta ló máa rò pé ènìyàn lè gbé orúkọ ẹlòmíràn wọ̀ bí ẹ̀wù?

Lọ́jọ́ Ajé, Dádì mú èmi àti Gbénga lọ sí Ìkẹjà. Ọ̀gbẹ́ni Àlàó wo Gbénga láti òkè délẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Olúgbénga Akínlẹ́yẹ nìyẹn," ni Dádì wí.

"Rárá o. Èyí kọ́."

Ó ṣí fáìlì. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú fótò pásípọ́ọ̀tù ni Bọ̀dá Oníwèé. Wọ́n fi pín-ìn-nì so fotokọ́pì ìwé ẹ̀rí Gbénga mọ́ ọn, èyí tó dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n tí a ṣì lè kà. Nínú fọ́ọ̀mù, ó kọ orúkọ ìyá Gbénga àti ọdún tí bàbá rẹ̀ kú, kò ṣì í rárá.

Dádì ti ń rẹ́rìn-ín, Gbénga ti ń dúpẹ́. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ dákẹ́ fún ọkọ mi? Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀.

"Gbénga, èmi ni mo fà á. Inú apẹ̀rẹ̀ mi ni Bọ̀dá Oníwèé ti kó ìwé rẹ. Ẹnu mi ló ti gbọ́ ìyókù."

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Ó fa fáìlì náà mọ́ra, ó wo fótò yẹn dáadáa.

"Bùnmi, ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Kí ló dé tí o fi ń ròyìn màmá mi fún oníwèé?"

"Torí mo fẹ́ràn rẹ."

Ọ̀gbẹ́ni Àlàó yọjú sí fèrèsé bí ẹni pé ohun kan wà níta.

"Dìde," ni Gbénga wí, ó sì fà mí sókè. "Gbogbo ayé pè mí lólè, ìwọ nìkan lo ní kí wọ́n wo ojú mi. O ṣeun, olólùfẹ́ mi."

Dádì dì mọ́ ọn. "Ọmọ mi, má bínú. Orúkọ rẹ ni mo wádìí, mi ò wádìí rẹ."

Ọ̀gbẹ́ni Àlàó kọ lẹ́tà ẹ̀rí, ó mú òun àti fótò náà sìn wá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́rùn Gbénga. Bọ̀dá Oníwèé ò padà wá ra ìwé mọ́. Láti ìgbà náà ní ṣọ́ọ̀bù wa, ìwé tó bá bà jẹ́, a ń fún ẹni tó ni ín ni, àbí ká ya á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ká dáná sun ún kí ilẹ̀ tó ṣú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe kábọ̀n, ìwé dúdú tí a fi ń tẹ ẹ̀dà, pẹ̀lú, torí ènìyàn lè ka ohun tó wà lára rẹ̀ bó bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Èmi náà sì ti kọ́ láti fẹ́ràn ènìyàn láì máa ròyìn rẹ̀ fún àjèjì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra ni wọ́n fi kéde ìgbéyàwó wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Sọ́ńdè kẹta, Gbénga jókòó tì mí. Àlùfáà pe orúkọ rẹ̀ ketekete, ó fi ìlú rẹ̀ kún un, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ so wá pọ̀, kó sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn, Gbénga gbá ọwọ́ mi mú. Kò sẹ́ni tó dìde.

Àlùfáà ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé mìíràn. Níwájú wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì gbàdúrà, bàbá mi ṣe "Àmín" sókè, gbogbo ìjọ sì yíjú wò wọ́n.