Bí Jùwọ́n Ṣe Ń Lo Ọlidé

"Mojí, ṣé inú ilé yìí lo máa gbó sí ni?" Glory ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kan fèrèsé. "Gbogbo wa la ń lọ wo fídíò nílé àǹtí mi n'Ílúpéjú. Àbí ìwọ lo bí Jùwọ́n ni?"

Mojísọ́lá bojú wẹ̀yìn. Olúwajùwọ́n àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń to ìdérí ìgò sí ìlà gbọọrọ. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ariwo a máa bà á lẹ́rù, ìyípadà òjijì a sì máa da orí rẹ̀ rú. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọlidé gígùn ni ìyá wọn, tí í ṣe tíṣà, ti ṣètò ọjọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Bó bá ti to ìdérí rẹ̀ tó, wọn a bu omi sí i lẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́ kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́. Bó bá wẹ̀ tán, ó di ògì. Bí oòrùn bá rọlẹ̀, wọn a lọ wo rélùwéè tó ń lọ sí Ìdó. Kò sẹ́ni tó ń wo aago; bí ọ̀kan bá tán ni òmíràn ń tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ìyá kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́ sí i. "Ẹnu ayé," ni í máa wí. Nínú ilé tí ayálégbé pọ̀ sí yẹn ní Yaba, lọ́dún 1989, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ bí aládùúgbò ṣe ń hanrun, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe Jùwọ́n. Olórí kunkun ni wọ́n ń pè é.

Lọ́jọ́ náà, ìyá ti lọ máàkì ìdánwò. Mojísọ́lá kan ilẹ̀kùn Màmá Àmúdàtù, aládùúgbò wọn.

"Ẹ kúuṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo Jùwọ́n. Mo fẹ́ sáré ra kẹrosíìnì ni."

"Máa lọ, ọmọ mi. Ojú mi wà lára ẹ̀."

Ó yẹ kó sọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó sì gbé e mì.

Ó bá Glory lọ sí Ìlúpéjú, ṣùgbọ́n fídíò ọ̀hún kò wọ̀ ọ́ lójú. Ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ Jùwọ́n, ló bá dìde kí wọ́n tó dé ìdajì. Nígbà tó máa délé, Màmá Àmúdàtù ti ká ọwọ́ lérí lẹ́nu géètì.

"Mojí! Mo ní ọmọ ò tíì wẹ̀, ni mo bá da omi lé e lórí, mo fi kànrìnkàn sí i. Ló bá ké, ló gé mi jẹ, ló bá sá jáde pẹ̀lú ọṣẹ lójú!"

Ta ni aládùúgbò rere tí yóò rí ọmọ tí kò wẹ̀, tí kò ní wẹ̀ ẹ́?

Rélùwéè fun fèrè lọ́ọ̀ọ́kán. Mojísọ́lá sáré títí dé ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà lẹ́bàá ojú irin. Ìhòòhò ni Jùwọ́n wà, ó kákò sínú táyà ọkọ̀ ńlá kan, ó di etí méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń kígbe "Wèrè! Wèrè!"

Mojísọ́lá lé wọn. Kò fà á. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń dúró, títí ọmọ náà fi gbórí lé e lẹ́sẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Jùwọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé omi súnmọ́ òun mọ́. Ọ̀pọ̀ ọlidé yẹn ni wọ́n fi ń fi aṣọ tútù nù ún lójú oorun. Ètò tí ìyá fi sùúrù kọ́ ti wó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Jùwọ́n sá jáde yẹn gan-an, Mojísọ́lá kúnlẹ̀ níwájú àwọn ìyá méjèèjì. "Irọ́ ni mo pa. Kì í ṣe kẹrosíìnì."

Màmá Àmúdàtù wo ìyá Mojísọ́lá. "Ìyá Mojí, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ṣé mi ò ní ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é?"

"Ojú ló ń tì mí," ni ìyá wí, ló bá sunkún.

Mojísọ́lá jìyà irọ́ rẹ̀: ẹ̀rù a máa bà á nígbàkígbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ ju ìyẹn lọ. Lóòótọ́, ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó; àmọ́ igba ojú kò lè rí ohun tí a bò mọ́lẹ̀ fún wọn.