Bí O Ò Bá Rí Mi Nínú Dígí

Ìbínú ni mo fi mọ̀ ọ́n. Kí n tó mọ orúkọ rẹ̀ ni mo ti bú u.

Lọ́dọ̀ wa létí adágún ńlá, bí àlejò bá fi ọkọ̀ fa ilé onítáyà rẹ̀ wọ ibùdó, gbogbo ayé á gbé àga síta, wọ́n á bu kọfí, wọ́n á sì máa wò ó bó ṣe ń fi ẹ̀yìn wọ àyè rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ràn án lọ́wọ́ àfi tó bá bẹ̀bẹ̀. Ìran ni, ó sì dùn ju sinimá lọ.

Ọkùnrin yìí kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó yọ orí sóde lójú fèrèsé, ó ń fi ẹ̀yìn bọ̀. Bó ṣe yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún, ilé tó ń fà gba òsì lọ, ó kọrí sí àyè tiwa. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àga rẹ̀ ni, ó fẹ́ lọ bu kọfí sí i.

"Dúró!" mo pariwo. "Ṣé o dití ni? Mo ní dúró!"

Kò dúró. Àga Bàbá fọ́ wómúwómú.

Mo sáré bọ́ sójú fèrèsé rẹ̀. "Ṣé ojú lo ní àbí ihò?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò rí yín ni."

"O ò rí mi, o sì ń bọ̀! Níbí, bí o ò bá rí ẹni tó wà lẹ́yìn nínú dígí rẹ, ṣe lo máa dúró. Ta ló kọ́ ẹ ní ọkọ̀ wíwà?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní irú èyí. Ilé àbúrò bàbá mi ni, mo kàn yá a ni. Wendell lorúkọ mi. Kí lorúkọ tìẹ?"

"Orúkọ mi ò kàn ẹ́. Àga bàbá mi ló kàn ẹ́."

Lẹ́yìn mi, Àǹtí Hilja, àbúrò bàbá mi obìnrin, ń rẹ́rìn-ín sínú ife kọfí rẹ̀. "Lempi, rọra o," ó ní. "Ará ìsàlẹ̀ afárá ni, láti òdìkejì omi lọ́hùn-ún. Wọn kì í kọ́ wọn nílé." Bó ṣe tú orúkọ mi síta nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Wendell gbé àga náà wá. Ó ti kàn án, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan kúrú. Bàbá jókòó lé e, àga sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọkọ̀ ojú omi tó gba ìjì. Ó ní, "Ó gbìyànjú." Mo rẹ́rìn-ín. Inú bí mi pé mo rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni Wendell ń sọdá afárá wá sọ́dọ̀ wa. "Oníjà mi" ló ń pè mí. "Oníjà mi, ṣé o jí dáadáa?" Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ara ń ta mí bí ọ̀sẹ̀ bá ń falẹ̀, ìyẹn náà sì ń bí mi nínú.

Ṣùgbọ́n ìdílé wa ní òfin. Ọkùnrin kì í fẹ́ ọmọ wa àfi bí òun àti ọmọ náà bá jọ fi ẹ̀yìn ilé onítáyà wọ àyè tóóró tó wà láàrin igi méjì eléèpo funfun, níṣojú ẹbí. Ọkùnrin á wa ọkọ̀, obìnrin á dúró lẹ́yìn, á máa juwọ́. Àǹtí Hilja ti ti ibẹ̀ lé ẹnìkan lọ nígbà èwe rẹ̀.

"Kò tíì dé ìdajì tó fi pè mí ní ewúrẹ́," ó máa ń sọ. "Bó bá wá fẹ́ mi tán ńkọ́?"

Ilé onítáyà tiwa, Bàbá àti ìyá mi ló jọ rà á nígbà tí Bàbá ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ihò kùsà. Ìyá mi ló rán aṣọ fèrèsé rẹ̀. Ó ti kú nígbà tí mò ń sọ yìí, ṣùgbọ́n Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn lórí ibùsùn rẹ̀. Ibi tí Bàbá ti ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ewé ń rẹ̀, tí yìnyín kù sí dẹ̀dẹ̀, a ń pa ilé náà dé. A fa omi inú páìpù rẹ̀ gbẹ, a da omi pupa tí kì í dì sí i kí òtútù má bàa bẹ́ páìpù, a fi wẹ́ẹ̀jì há táyà. Wendell wà níbẹ̀, ó ń sáré sókè sódò, ó fẹ́ kí Bàbá yin òun. Ó rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ lábẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Kò bi mí. Kò bi Bàbá. Ó fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo wọn, ó sì lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀.

Nígbà tí yìnyín yọ́, a ṣí ilẹ̀kùn. Òórùn kan kọ lù wá. Bàbá fi ìka kan ògiri ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá mi, ìka náà sì wọlé ṣìnkìn bí ẹni pé búrẹ́dì tí a rì sínú tíì ni.

"Ta ló dí ojú omi?"

"Èmi ni, Bàbá," Wendell dáhùn. "Mo rò pé ibẹ̀ lòjò ń gbà wọlé."

"O rò! Ṣé ahọ́n ò sí lẹ́nu rẹ tí o fi lè béèrè ni? Ibẹ̀ lomi ń gbà jáde! Ilé tí omi ò rí ọ̀nà jáde, láti inú ló ti ń jẹrà. Máa lọ. O ò ní fẹ́ ọmọ mi."

"Bàbá," mo ní, "èmi lẹ ń sọ yẹn o. Mo dúró síbí."

"Mo rí ẹ."

"Ẹ ò rí mi. Ẹ̀yin méjèèjì ò rí mi."

Wendell ti dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ kí n tó bá a.

"Níbo lò ń lọ?"

"Bàbá rẹ ní kí n máa lọ."

"Èmi ńkọ́? Ṣé mo ní kó o lọ? Ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ lo máa tún un ṣe. Lọ mú irinṣẹ́ wá. Má sì bá mi sọ̀rọ̀!"

Gbogbo ìgbà tí ewé tuntun ń yọ la fi ṣe é. A ṣí páànù ẹ̀gbẹ́ ilé, a ha igi tó ti rà dànù, a gé tuntun, a tò ó. A ń jà bí a ti ń ṣe é.

"Èyí wọ́."

"Ìwọ ló wọ́."

Àǹtí Hilja a gbé páì ẹran wá. "Ẹ jẹun, ẹ̀yin ọmọ, kẹ́ ẹ lè rí agbára jà."

Bàbá jókòó lórí àga yẹ́gẹyẹ̀gẹ yẹn, ó kẹ̀yìn sí wa. Lọ́jọ́ kan, láìyíjú, ó ní: "Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ìdí síkúrù yẹn kẹ́ ẹ tó dè é. Gọ́ọ̀mù rírọ̀ o, èyí tó ń nà bí oòrùn bá pa páànù." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá Wendell sọ láti ọjọ́ tó ti lé e nìyẹn.

Nígbà tí a parí, Wendell mú abẹ́rẹ́, ó gún ojú omi kọ̀ọ̀kan ṣí. Ó gun òkè, ó da omi sórí òrùlé. Bàbá dìde, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ fèrèsé ìyá mi. Omi kán sí i, tó, tó, tó. Ó pẹ́ kó tó nu ọwọ́ náà.

Ọjọ́ ìdánwò wá dé. Ẹbí ti gbé àga síta, kọfí ti hó. Àǹtí Hilja dì mọ́ mi.

"Oríire, ọmọ mi! Wendell ti tọrọ ẹ lọ́wọ́ bàbá ẹ láàárọ̀ yìí. Ó ti gbà!"

"Ta ló tọrọ mi lọ́wọ́ mi?"

Mo bọ́ sẹ́yìn ilé onítáyà tiwa pẹ̀lú iná nínú àyà mi. Pẹ̀lú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, kò tíì kọ́ béèrè!

Wendell tan ọkọ̀. Mo juwọ́ sósì, ó yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún, ilé sì gba òsì. Mo juwọ́ pé kó máa bọ̀, ó ń bọ̀, jẹ́jẹ́. Ìdí ilé wọ àárín igi méjèèjì. Ó ku díẹ̀ kó parí. Nígbà náà ni mo rìn kúrò nínú dígí rẹ̀, mo lọ dúró sẹ́yìn igi.

Ọkọ̀ dúró.

"Àyè wà!" ẹnìkan pariwo. "Máa bọ̀!"

Kò mira.

Bàbá fúnra rẹ̀ dìde. "Wendell, máa bọ̀! Mò ń wò ọ́! Kò ní kan nǹkan kan!"

Ó pa ọkọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi wẹ́ẹ̀jì há táyà bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé, ó sì yí wá bá mi.

"Mi ò rí ẹ," ó ní.

"Bàbá mi ní kó o máa bọ̀."

"Bàbá rẹ kọ́ ni mò ń wò nínú dígí."

Mo wo ojú rẹ̀.

"Lempi, mo tún ti ṣe é, àbí? Mi ò béèrè."

"Ó yé ẹ."

"Mò ń béèrè báyìí. Oníjà mi, ṣé wàá fẹ́ mi? Bó o bá ní rárá, ibí yìí ni ilé náà máa wà, mi ò ní sún un."

Gbogbo ẹbí ti gbé kọfí sílẹ̀.

"Padà sínú ọkọ̀," mo ní, "kó o wo dígí."

Ó padà. Mo jáde síta, mo dúró sáàárín gbàgede níbi tó ti lè rí mi láti orí dé ẹsẹ̀, mo sì juwọ́ sí i: máa bọ̀. Máa bọ̀, ọkọ mi. A ṣègbéyàwó lábẹ́ igi náà kí ewé rẹ̀ tó wọ́.

Ó ti pẹ́. Ibi tí mo ti ń kọ èyí jìnnà sí adágún. Iyanrìn àti oòrùn ló wà níbí, òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀. Eegun Wendell tó ń ro ó ló gbé wa wá. Ilé onítáyà náà wà lẹ́yìnkùlé mi. Mo ṣì ń fi gíríìsì sí ìdí táyà rẹ̀. Mo ṣì ń fi abẹ́rẹ́ gún ojú omi rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí omi tó fẹ́ jáde.

Wendell fayé sílẹ̀ lọ lójú oorun, láìbi mí léèrè. Mo bú u lórí ibùsùn níbẹ̀, mo bú u gidigidi, àwọn ọmọ mi sì rò pé orí mi ti dàrú. Mo ṣì ń bínú sí i.

Nígbà míì, mo máa ń jókòó sídìí ọwọ́ ọkọ̀ àtijọ́ tó fi ń fa ilé náà, màá wo dígí. Mi ò rí i. Nítorí náà, mi ò tan ọkọ̀. Mo dúró.